Ìró Tí Ìyá Mi Ró fún Aago

Ọjọ́ tí wọ́n pín ogún bàbá ìyá mi, oko obì wà ńlẹ̀, ìyá mi kò mú un. Aago ni wọ́n mú. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Oko obì náà wà lọ́nà Wásinmi, ó ti ń so dáadáa, ẹni tó bá ní ìpín níbẹ̀ kò ní í febi sùn. Èyí àgbà nínú àwọn ẹ̀gbọ́n náà bi ìyá mi pé ṣé orí wọn pé. Ìyá mi ní orí àwọn pé, kí wọ́n gbé aago àwọn fún àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí aago náà ṣe rí, nítorí ìrísí rẹ̀ ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Igi dúdú tó ń dán ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì gbẹ́ ẹ bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe irú ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù tiwa o. Irú èyí tí àwọn òyìnbó ń fi òkúta kọ́ láyé ọjọ́un ni, tí òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ilé ìṣọ́ kékeré kan dúró lọ́tùn-ún, ìkejì dúró lósì, èyí tó ga jù wà láàárín, àgbélébùú kan sì wà lórí èyí àárín náà. Wọ́n gbẹ́ ewé àti òdòdó yí àwọn fèrèsé rẹ̀ ká. Bàbá ìyá mi, tí wọ́n rà á níbi gbànjo nígbà tí òyìnbó kan ń kó ẹrù rẹ̀ relé, máa ń sọ pé àwọn tó ṣe aago yìí kì í ṣe ará àtijọ́ rárá. Wọ́n ní ilé tí àwọn baba ńlá wọn kọ́ ló ṣì ń wu àwọn òyìnbó náà, ni wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ ayé òde òní ṣe aago tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i á rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Idẹ ni ojú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó dà bí igi tí wọ́n tò jọ, irin róbótó kan sì ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún lẹ́yìn ilẹ̀kùn gíláàsì rẹ̀.

Bàbá ìyá mi yìí jẹ́ ọmọ ìjọ pátápátá, akọ̀wé sì ni wọ́n. Wọ́n rán àwọn ọmọkùnrin wọn nílé ìwé, wọ́n ní kí ìyá mi lọ kọ́ iṣẹ́ aró. Ìyá mi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ojú bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, àwọn ọmọkùnrin sì ti fọ́n káàkiri lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìyá mi ló kù nítòsí. Bàbá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wo aago, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wáìn ín, láti ìgbà náà ni ìyá mi sì ti di ojú tí bàbá wọn fi ń ríran. "Wá wò ó fún mi, ọmọ," ni bàbá máa ń wí. Ìyá mi á nu aró ọwọ́ wọn nù, wọn á wá wò ó. Yàtọ̀ sí ojú aago yẹn, ìyá mi kò mọ ìwé kankan kà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí mo bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi fi oko obì sílẹ̀, wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. "Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ìwé tiwọn," ni wọ́n wí. "Tèmi rèé."

Ìjẹmọ̀ ni wọ́n gbé aago náà wá, sí ilé ọkọ wọn, níbi tí mo dàgbà sí. Ilé mùsùlùmí ni. Ìyá mi ti gba ẹ̀sìn ọkọ wọn. Wọ́n ń kírun, wọ́n ń gbààwẹ̀, àmọ́ orin ìjọ ni wọ́n máa ń kùn sínú nídìí ìkòkò aró, tí wọn kò sì mọ̀ pé a ń gbọ́. Bàbá mi kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Oko ló ń gbé wọn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wálé. Ẹni tó ni àṣẹ ilé ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà. Ọkùnrin gíga ni wọ́n, onírùngbọ̀n funfun, tí wọ́n mọ kéú dáadáa. Wọn kì í pariwo. Ṣùgbọ́n bí Bàbá Àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn mọ́.

Ìyá mi kọ́kọ́ gbé aago sínú yàrá wọn. Kò rìn. Ògiri yàrá náà wọ́, bí aago yẹn bá sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, irin inú rẹ̀ á dúró ni. Kò síbi tó tẹ́jú nínú gbogbo ilé bí kò ṣe pẹpẹ gíga tó wà ní pálọ̀ Bàbá Àgbà. Ibẹ̀ ni ìyá mi gbé e sí. Lójú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá Àgbà ti mọ́ṣáláṣí dé tí wọ́n rí i.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "kí lèyí?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Aago ni, Bàbá. Ogún bàbá mi ni."

"Mo rí aago. Kí ló wà lórí ẹ̀?"

Ìyá mi gbé ojú wo àgbélébùú náà.

"N kò kọ aago o," ni Bàbá Àgbà wí. "Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fojú mi rí ṣọ́ọ̀ṣì ní pálọ̀ tí mo ti ń kírun. Gbé e padà fún àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Bàbá, ẹ má bínú. Oòrùn tó ń wọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́, òun náà ló ń wọ̀ fún wa. Àsìkò lásán ló ń sọ."

"Mo ti sọ̀rọ̀, ìyàwó."

Bàbá mi wà nílé lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọ nù. Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ náà, inú náà kò sì tíì rọ̀ tán títí di òní tí mo ti darúgbó.

Nígbà tí ó ku àwa mẹ́ta, bàbá mi ní kí ìyá mi jẹ́ kí àwọn fi ayùn gé orí aago náà, kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀. Ìyá mi ní ta ló ń gé bàbá ẹni lórí kí ó tó gbà á sílé? Bàbá mi ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé e padà. Ìyá mi ní padà sí ibo? Oko obì ti di ti ẹlòmíràn. Bí aago bá kúrò nílé yìí, ó túmọ̀ sí pé bàbá àwọn kú, àwọn kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn yóò wá máa fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. "Aago mi kò ní í kúrò nílé yìí," ni wọ́n wí. Wọn kò pariwo. Ẹ̀rù bà mí, nítorí ohùn Bàbá Àgbà gan-an ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣí àpótí aṣọ wọn. Wọ́n mú ìró wọn tó dára jù jáde, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fúnra wọn fi ìyẹ́ adìẹ ya, tí wọ́n rì bọ aró léraléra títí tó fi dúdú tó ń dán. Àwọn oníbàárà ti bẹ̀bẹ̀ rà á títí, wọn kò tà. Òun nìkan ni aṣọ ìjáde wọn. Òun ni wọ́n ró nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń tú jáde lọ sí ààfin nítorí owó orí, kò sì tíì pẹ́ nígbà náà. Ẹ rántí pé àsìkò yẹn, kò sí ọkùnrin kan nílùú wa tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé obìnrin á dákẹ́ fóun.

Ìyá mi gun àpótí, wọ́n ró ìró náà fún aago bí wọ́n ṣe ń ró o fún ènìyàn. Wọ́n bò ó láti orí àgbélébùú dé ìdí, wọ́n ta kókó sẹ́yìn rẹ̀, ojú idẹ yẹn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

"Bàbá Àgbà yín ní àwọn kò fẹ́ fojú rí i," ni wọ́n sọ fún mi. "Wọn kò ní í rí i."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, gbogbo ilé ti gbọ́. Àwọn ìyàwó ilé ń yọjú wo aago tó wé aṣọ mọ́rí tó yọ ojú níta, wọ́n ń kí i, "Ẹlẹ́hàá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èyí dun Bàbá Àgbà. Wọ́n ní èyí ti di fífi ẹ̀sìn ṣẹ̀sín. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní kí Bàbá má bínú, wọ́n dìde, wọ́n gun àpótí, wọ́n fi etí aṣọ bo ojú aago náà pẹ̀lú. Wọ́n wá kọjú sí gbogbo wa.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹni bá ká ìró yìí, aṣọ ìdí mi ló ká."

Ẹ̀rín dá. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ta ni yóò na ọwọ́ sí ìró ìyàwó ilé? Bàbá Àgbà gbé ojú kúrò lára aago, wọ́n wọ yàrá lọ. Ọ̀nà kò sí fún wọn mọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ rí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n lè rí.

Bí aago ṣe di ará ilé nìyẹn. Ìyá mi ń fi ọwọ́ wá ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, wọ́n ń wáìn ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti ń dún lókè òkúta lọ́hùn-ún, wọ́n á gbé mi sí èjìká, èmi á ki orí bọ abẹ́ ìró náà, màá sì sọ ibi tí ọwọ́ aago wà, kí wọ́n lè tún un ṣe bó bá ti yẹsẹ̀. Abẹ́ ìró yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo aago, inú òórùn ẹ̀lú. Aró aṣọ náà ràn mọ́ igi. Aago ọ̀hún wà lọ́dọ̀ mi lónìí, ilé ìṣọ́ rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ aró, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá mi kò ní aṣọ ìjáde mọ́. Ìkómọ dé, ìgbéyàwó dé, ìró àtijọ́ tó ti ṣá ni wọ́n ń ró. Wọ́n ń lọ sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú láàárín àwọn aláró ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn tí ènìyàn ń fi aṣọ ara wọn mọ ọwọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n wá dà bí ẹni tí kò mọ aró í rẹ. Ọ̀yẹ́ mú lọ́dún náà, mo rí wọn tí wọ́n ká apá mọ́ra. Mo ní kí wọ́n wá àlòkù aṣọ kan fi bo aago, kí wọ́n mú ìró wọn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí. "Kí n fi àkísà bo bàbá mi?" ni wọ́n wí. N kò dá a sọ mọ́.

Bàbá Àgbà lè mú kí a bo ojú aago, wọn kò lè bo ẹnu rẹ̀. Agogo inú rẹ̀ dùn, ó ń kù sí gbogbo ilé. Kò pẹ́ tí àwọn ìyàwó ilé fi ń fi í gbé ìkòkò kaná, tí wọ́n ń fi í sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá bi Bàbá Àgbà pé aago mélòó ló lù, wọ́n á ní aago wo? Wọ́n á sì dìde, wọ́n á lọ ṣe àlùwàlá lásìkò gan-an.

Ààwẹ̀ wá bọ́ sí àárín òjò. Ládàánì wa, bàbá arúgbó kan tí ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, oòrùn ló ń wò kó tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́, ó ṣàkíyèsí pé bí oòrùn ti ń wọ̀ sẹ́yìn òkúta tán ni aago ìyá mi ń lu méje. Láti ìgbà náà, bí ìkùukùu bá bo oòrùn, ládàánì á wá jókòó sí pálọ̀ wa, kò ní í sọ pé aago lòun ń gbọ́. Bàbá Àgbà náà á ti mú ife omi dání, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà bí ẹni tí kò dúró de nǹkan kan.

Ọjọ́ kan wá dé tí òjò kò dá láti ọ̀sán. Ìyá mi wà ní Ìtòkú, òjò ká wọn mọ́ ibẹ̀. Ilé kún. Ebi ti kó ojú àwọn ọmọdé wọnú, ìyá àgbà kan tó kọ̀ láti fi ààwẹ̀ sílẹ̀ ń gbọ̀n lórí ẹní. Ládàánì wọlé, omi ń kán lára rẹ̀.

"N kò rí oòrùn," ni ó wí. "N kò tiẹ̀ mọ ibi tó wà."

A tẹ́tí sí aago. Òjò ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a kò gbọ́ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá aago ti lù tàbí kò tíì lù. Bí a bá ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, ààwẹ̀ gbogbo wa bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí a bá sì ń dúró, ìyá àgbà yìí ń gbọ̀n. Gbogbo ojú yí sí orí pẹpẹ.

Bàbá Àgbà dìde.

Mo fò dìde níwájú wọn. "Bàbá, ìyá mi ní ẹni bá ká a, aṣọ ìdí àwọn ló ká."

Ẹnì kan fà mí lápá pé kí n panu mọ́. N kò pa á. Bí Bàbá Àgbà bá fẹ́ gbà á tipátipá, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi kúrò lọ́nà.

"Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́," ni Bàbá Àgbà wí. Ohùn wọn rọ̀. "Èmi ni mo jẹ́ kó ró o. Èmi ni n ó tú u."

Wọ́n wá yíjú sí àwọn ọkùnrin tó wà ní pálọ̀. "Ẹ kọjú sógiri."

Mo búra fún yín, gbogbo wọn kọjú sógiri. Ládàánì náà, pẹ̀lú omi tó ń kán lára rẹ̀, kọjú sógiri. Bàbá Àgbà fúnra wọn dijú, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn aago, wọ́n fọwọ́ tú kókó náà jẹ́jẹ́. Wọ́n ká aṣọ náà bí ó ti ń bọ́, wọ́n gbé e lé apá kí ó má baà kan ilẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó la ojú. Wọ́n wo ilé ìṣọ́, wọ́n wo àgbélébùú, wọ́n wo àwọn ewé tí wọ́n gbẹ́ yí fèrèsé ká. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Wá wò ó fún mi, ọmọ," ni wọ́n wí.

Kéú ni Bàbá Àgbà mọ̀, wọn kò mọ nọ́ńbà onígi yẹn. Mo gbé fìtílà sókè. "Ó kù díẹ̀ kó lu méje, Bàbá. Ọwọ́ gígùn kò tíì dókè."

Àwọn ọkùnrin ti yíjú padà. Ládàánì wúkọ́. "Ọmọ, kí ni ìyá rẹ fi ń tún aago yìí ṣe?"

Mo mọ ohun tí ìdáhùn mi lè dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò tọ́ mi láti máa parọ́ nípa aago wọn. "Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni," ni mo wí.

Mo ti ń ro bí wọn yóò ṣe gbé aago náà jù síta.

"Oòrùn tó ń wọ̀ fún wọn," ni Bàbá Àgbà wí, "òun náà ló ń wọ̀ fún wa."

Ọwọ́ gígùn dókè. Mo ní, "Ó tó." Bàbá Àgbà ní, "Bìsìmílà," wọ́n mu omi, gbogbo ilé sì ṣínu.

A kò tíì jẹun tán nígbà tí ìyá mi wọlé. Òjò ti pa wọ́n, ìró tó ṣá yẹn lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, eyín wọn ń gbá ara wọn. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n rí aago wọn ní ìhòòhò.

"Ta ló ká a?"

Bàbá Àgbà dìde lórí ẹní. Wọ́n ti ká ìró náà dáadáa, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá mi, bí ẹni tó ń gbé nǹkan fún àgbà.

"Èmi ni, ìyàwó. Má bínú. Aago bàbá ẹ dára. Jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Aṣọ ẹ rèé, kò kan ilẹ̀."

Ìyá mi wo aago. Wọ́n wo aṣọ. Èmi fẹ́ kí wọ́n gun àpótí, kí wọ́n tún un ró fún un, kí Bàbá Àgbà lè bẹ̀ wọ́n dáadáa. Wọn kò gun nǹkan kan. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gba ìró wọn, wọ́n tú u, wọ́n ró o níbẹ̀ lójú gbogbo wa, lé orí èyí tó tutù.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni wọ́n wí. "Òtútù ti ń mú mi tipẹ́."